Ohun Tí Wọ́n Kọ Sẹ́yìn Ìgò

Òkè Gádà, Ẹdẹ.
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Abdulmujeeb, Àtàndá ọmọ mi,

Àsàláámù àléékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Iṣẹ́ òru ńkọ́? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó sùn tí kò jí nínú ilé yìí. Kaosarah ọmọ rẹ ti ń ka Fátíà délẹ̀. Zulfah ìyàwó rẹ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ.

Má bínú pé ìwé ni mò ń kọ. O mọ̀ pé láti ìgbà àìsàn èṣí, bí o bá pè mí lórí fóònù, bí eṣinṣin inú agolo ni mò ń gbọ́ ọ. Màá máa sọ pé mo gbọ́, mo gbọ́, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ojú mi ṣì ń ríran, ọwọ́ mi ṣì ń kọ̀wé. Fàsílátù àbúrò mi ni yóò ya ìwé yìí ní fọ́tò, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù. Kí ìwọ náà kọ tìrẹ bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ò ń bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀, tèmi ni kì í tó mi lọ́wọ́.

Sítóòfù gáàsì tí o ní kí wọ́n gbé wá fún mi ti dé. Gíláàsì dúdú ni ojú rẹ̀, ó ń dán bí omi inú kànga. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà tọ́jú rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Epo pupa ta sí i lọ́jọ́ tí a se ẹ̀bẹ, ó sì gbẹ mọ́ gíláàsì náà títí ó fi dà bí ọ̀dà. Zulfah fi omi ọṣẹ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ tó rọ̀ nù ún. Ó kúrò díẹ̀, ó ku díẹ̀. Ó ní kí n ní sùúrù, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣí. Sùúrù rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan wọ̀nyí, kí ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́? Bá mi bi wọ́n dáadáa.

Èmi ìyá rẹ,
Àwáwù.


Hamburg, Jámánì.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí yín púpọ̀, mo kí Àǹtí Fàsílátù. Inú mi dùn pé sítóòfù náà wù yín.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà mi kò gùn. Ibi tí a ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ láti alẹ́ àná ni mo ti ń bọ̀, oorun sì ń kùn mí. Ọ̀rọ̀ sítóòfù yẹn kò le. Ẹ ra ọṣẹ ẹlẹ́bú tí a fi ń ha ìdí ìkòkò, kí Zulfah fi kànrìnkànrìn onírin ha á. Kò sí epo tí kò ní kúrò. Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ sùúrù.

Ọmọ yín,
Abdulmujeeb.


Òkè Gádà, Ẹdẹ.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Èrèlé, 2025.

Àtàndá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ara mi le, àfi etí náà.

A ti ṣe é bí o ṣe wí. Zulfah kọ́kọ́ dúró, ó ń mi orí, ó ní gíláàsì kì í ṣe ìdí ìkòkò. Mo fi lẹ́tà rẹ hàn án. Ó kà á tán, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Lóòótọ́, epo náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a da omi sí i tí a nù ún gbẹ, ojú gíláàsì ti dà bí ibi tí adìẹ ti fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀. Bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé ní àárọ̀, n kì í fẹ́ wo ọ̀hún.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ní kí o bi wọ́n, o kò bi wọ́n. Ààwẹ̀ ń sún mọ́lé, àlejò yóò máa wá bá wa ṣínu, n kò sì fẹ́ kí wọ́n bá ìdọ̀tí nílé ìdáná mi. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, jọ̀ọ́, má fi orí ara rẹ dáhùn. Ẹni tó mọ̀ ni kí o bi.

Àwáwù ìyá rẹ.


Hamburg.
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Èrèlé, 2025.

Màmá mi,

Mo kà nípa sítóòfù náà, inú mi bàjẹ́. Ọwọ́ Zulfah ló le. Àwọn èèyàn ń fi irin fọ nǹkan, kì í ya. Mo ti pè é, mo bá a wí, mo sì bá a wí níṣojú Àǹtí Fàsílátù tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Akínwálé, ọmọ Ẹdẹ tí a jọ ń gbé yàrá, ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti fi ìgò pupa kan rán an sí Zulfah. Ẹ ó tẹ orí rẹ̀, yóò sì fọ́n jáde. Nínú gbogbo ohun ìfọ-ilé-ìdáná tó wà lórí àtẹ ilé ìtajà, òun ló lágbára jù. Ẹ fọ́n ọn sórí gíláàsì, ẹ fi àkísà nù ún, ó parí. Ẹ má jẹ́ kí ó fi irin kàn án mọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ìgbẹ̀yìn ààwẹ̀.

Abdulmujeeb.


Òkè Gádà, Ẹdẹ.
Ọjọ́ kejì oṣù Igbe, 2025.

Abdulmujeeb,

Èmi Fàsílátù ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ ìyá rẹ kò lè di bíìrò mú. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, ó wà láàyè.

Nígbà tí ìtúnu ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ ní òun fẹ́ kí ilé ìdáná mọ́. Zulfah gbé ìgò tí o fi rán Akínwálé jáde, ó gbé e lé ìyá rẹ lọ́wọ́, ó ní ìwọ lo ní kí wọ́n lò ó, ó sì bá iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ fọ́n ọn sí ojú gíláàsì, ó fi àkísà àti ọwọ́ lásán nù ún. Ó ní ńṣe ló ń yọ̀ bí ọṣẹ, kò ta òun. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, awọ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń ṣí. Ọsibítù la ti ṣọdún. Nígbà tí wọ́n ń fọ ọwọ́ náà, mo gbọ́ igbe ìyá rẹ láti ìta.

Wàyí o, ọmọ kì í fi ohun tí yóò jó ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọwọ́ Zulfah ni ìgò yẹn wà láti ọjọ́ tí Akínwálé ti dé, kò sì fi ìka kàn án rí. Kí ló dé tí kò fi ìka kàn án? O bá a wí níṣojú mi nítorí gíláàsì, mo sì rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Kọ ohun tí o fẹ́ kí a ṣe. Títí ìgbà náà, a ò ní jẹ́ kí ó dá gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ.

Fàsílátù.


Hamburg.
Ọjọ́ kẹfà oṣù Igbe, 2025.

Àǹtí Fàsílátù,

Ẹ ṣeun tí ẹ dúró ti Màmá.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń lo irú rẹ̀ níbí. Bí ẹnì kan bá bu nǹkan mọ́ ọn, n kò sí níbẹ̀, n kò lè mọ̀. Kí Zulfah àti Kaosarah kọ́kọ́ lọ sílé bàbá Zulfah ní ìlú Ara títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi lójú. Ẹ sọ fún un pé kí ó má máa pè mí ná. N kò ní gbé e.

Abdulmujeeb.


Òkè Gádà, Ẹdẹ.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Èbìbí, 2025.

Àtàndá,

Mo kí ọ. Bí o bá rí i pé ìwé mi wọ́, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di bíìrò mú. Awọ tuntun ti ń bo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó pupa, kò sì ká dáadáa.

Mo dùbúlẹ̀, mò ń sọ, Fàsílátù ń kọ: mo rò pé ohun tí mò ń sọ ló ń kọ. Ohun tí mo sọ ni pé ìgò yẹn jó mi, kí o bá mi wádìí irú oògùn tí ó jẹ́. N kò ní kí ó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ka èsì tí o fi ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn tí Zulfah ti lọ tán. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ẹnu rẹ̀ ń mì, n kò gbọ́ ohun tó ń wí. Ìrora ò jẹ́ kí n ní kí ó sún mọ́ mi. Mo ju ọwọ́ tó dára sí i pé kí ó máa lọ. Bàtà Kaosarah kan ṣì wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì tó ń di ọwọ́ mi ní kí n mú ìgò náà wá. Kò gbọ́ èdè Jámánì, ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí àwòrán kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀: ọwọ́ èèyàn ni, omi ń kán sí i, ó ń jẹ ẹ́. Nítorí etí mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé bí oògùn náà ṣe rí nìyẹn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, pé kò sẹ́ni tó bu ohunkóhun mọ́ ọn.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ akérò lọ sí Ara. Zulfah gbé omi fún mi, ó tú ọwọ́ mi, ó wò ó, ó tún un dì. Lẹ́yìn náà ó mú síléètì Kaosarah, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i kí n lè kà á. Ó ní ẹ̀rù ìgò yẹn ló ba òun. Ó ní òun ya ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò sí ọ, òun sì bi ọ́ pé kí ni àwòrán ọwọ́ yẹn ń sọ. Ó ní o dáhùn pé wọ́n ní kí èèyàn fọ ọwọ́ rẹ̀ bó bá ti ṣe tán ni, pé kí a máa lò ó.

Ṣé ó bi ọ́, àbí kò bi ọ́? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀.

Àwáwù.


Òkè Gádà, Ẹdẹ.
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí, 2025.

Abdulmujeeb,

Fàsílátù fi àmì tó wà lórí fóònù hàn mí, ó ní o ti ka lẹ́tà mi láti ọjọ́ tí mo ti fi ránṣẹ́. N kò bi ọ́ ní ohun tó le.

Iléyá ń bọ̀. Ẹran tí a máa ń gbé fún àwọn àna wa ní Ara lọ́dọọdún, ojú wo ni mo fẹ́ fi gbé e lọ lọ́tẹ̀ yìí? Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti ń sọ pé kí a wá ìyàwó mìíràn fún ọ. Bí o bá dákẹ́, mo lè túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo bí ọ. Dá mi lóhùn.

Àwáwù.


Hamburg.
Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Òkúdù, 2025.

Màmá mi,

Ó bi mí.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí fọ́tò náà wọlé. N kò tilẹ̀ ṣí i tóbi. Mo rí ọwọ́, mo sì kọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ tí lẹ́tà Àǹtí Fàsílátù dé ni mo tó padà lọ ṣí i, tí mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé inú ófùn tí wọ́n ti ń yan ẹran ni wọ́n ṣe é fún, pé kí èèyàn wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, pé kí ó má jẹ́ kí ó kan ara. Mo ti kà á, Màmá, kí n tó kọ èsì. Mo mọ̀ pé Zulfah kò ṣe nǹkan kan, mo sì kọ ohun tí mo kọ. Ẹ̀rù bà mí kí a má gbọ́ ọ ní gbogbo Ẹdẹ pé èmi ni mo jó ìyá mi lọ́wọ́. Mo sọ fún ara mi pé bí ọwọ́ yín bá ti san, ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀, màá sì mú Zulfah padà wálé. N kò lo irú ìgò yẹn rí. Oúnjẹ tí wọ́n ti sè ni mò ń rà jẹ níbí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, n kò fọ sítóòfù kankan.

Mo lọ bá obìnrin àgbà kan tó ń ta ohun èlò ìdáná. Mo bi í, ó sì farabalẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ní kí a jẹ́ kí ojú rẹ̀ tutù ná, kí a fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ìkán ọṣẹ ìfọ-àwo díẹ̀ nù ún pẹ̀lú aṣọ tó rọ̀. Bí nǹkan bá gbẹ mọ́ ọn, kí a tẹ́ aṣọ tútù lé e lórí títí yóò fi rọ̀. Kò gbọdọ̀ sí irin, kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ ẹlẹ́bú. Ohun tí Zulfah ń ṣe gan-an kí n tó dá sí i nìyẹn.

Mo ti kọ lẹ́tà sí òun náà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sì dárí jì mí nítorí ọwọ́ yín.

Ọmọ yín,
Abdulmujeeb.


Ara.
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Òkúdù, 2025.

Bàbá Kaosarah,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ara Kaosarah le, ó ti ń lọ sílé ìwé kan nítòsí wa níbí.

Mo ka lẹ́tà yín. Ẹ bẹ̀ mí nítorí gíláàsì, ẹ bẹ̀ mí nítorí ìgò, ẹ ní iṣẹ́ ló ń wọ̀ yín lọ́rùn. Gbogbo ìyẹn ti tán nínú mi kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó rẹ̀ lè ṣi nǹkan rí.

Ọ̀kan wà tí ẹ kò mọ̀. Ọjọ́ tí èsì yín dé, wọ́n pè mí sí pálọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín jókòó, Àǹtí Fàsílátù sì ka ohun tí ẹ kọ sókè. Mo ti se ọbẹ̀ ìyá yín tán. Wọ́n ní kí n jẹ nínú rẹ̀ níṣojú wọn kí wọ́n tó gbé e wọlé fún Màmá. Mo bù ú, mo jẹ ẹ́. Kaosarah dúró tì mí. Nígbà tí a dé Ara, ó bi mí pé, "Màmí, ṣé ẹ fẹ́ pa Màmá Àgbà ni?" Ẹ ti ka ẹ̀yìn ìgò yẹn kí ẹ tó kọ èsì yẹn. Ẹ ti mọ̀.

N kò bínú sí Màmá. Láti Sátidé tó ń bọ̀, màá máa wá bá wọn di ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n aṣọ mi kò ní padà sí Òkè Gádà báyìí. Lẹ́tà lẹ fi bà mí lórúkọ jẹ́ nínú pálọ̀ yẹn, ẹ má fi lẹ́tà tún un ṣe. Ẹ pe àwọn tó jókòó lọ́jọ́ náà jọ, kí bàbá mi wà níbẹ̀, kí Kaosarah wà níbẹ̀. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ẹ má sì fi nǹkan kan rán ẹnikẹ́ni sí mi kí ọjọ́ náà tó pé.

Zulfah.


Òkè Gádà, Ẹdẹ.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Òkúdù, 2025.

Àtàndá ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ọwọ́ mi ti ń ká. Zulfah ló ń fi òróró pa á fún mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, gbogbo wọn pé sí pálọ̀ bí o ṣe ní kí wọ́n ṣe. Bàbá Zulfah jókòó lórí àga bàbá rẹ. Fàsílátù gbé fóònù sórí tábìlì, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin. Gbogbo wọn tẹ orí síwájú. Mo mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ojú wọn ni mò ń wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ àgbà kọ́kọ́ ń mi orí bí ẹni tó ti mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Nígbà tó yá, kò mi orí mọ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Fàsílátù fi ìborùn bo ẹnu. Bàbá Zulfah ń wo ilẹ̀, àfi ìgbà kan tó gbójú sókè lójijì, tó wo fóònù náà bí ẹni pé ìwọ gan-an ló dúró níbẹ̀. Zulfah kò sunkún. Ó gbé Kaosarah lé itan, ó yí ojú ọmọ náà sí fóònù kí ó lè gbọ́ dáadáa. O pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn sì dára lójú mi.

Nígbà tí o ṣe tán, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ dìde. Fàsílátù ló padà kúnlẹ̀ níwájú Zulfah. Ó sọ nǹkan, Zulfah dá a lóhùn kúkúrú, ó sì fà á dìde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Zulfah àti bàbá rẹ̀ padà sí Ara. Ó kọ ọ́ fún mi pé òun yóò kó ẹrù òun dé lọ́jọ́ tí o bá wálé tí o sì wá bá òun ní Ara fúnra rẹ. N kò bẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó fi Kaosarah sílẹ̀ kí ó sùn tì mí, a sì jọ jí.

Ọmọ mi, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Èmi tí o jó lọ́wọ́, èmi nìkan ni n kò gbọ́. Mo lè ní kí Fàsílátù kọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo ti rí bí Fàsílátù ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Jókòó, kí o kọ gbogbo ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà ránṣẹ́ sí mi, bí o ṣe sọ ọ́ gan-an. Má yọ èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Àwáwù, ìyá rẹ.